Kámẹ́rà Olówó Pọ́ọ́kú: Ṣé Kí Á Pààrọ̀ Rẹ̀ Ni, Tàbí Kí Á Ra Fíìmù Sí I?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí kan òbí, ó sì kan ọmọ. Láti ìwọ̀n ọdún mélòó kan, àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń padà sí kámẹ́rà tí ń lo fíìmù, irú èyí tí a fi ya fótò ìgbéyàwó àwọn òbí wọn. Lára èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà ni kámẹ́rà kékeré oníke tí ń ya àwòrán méjì sí ibi tí ó yẹ kí ó gba ẹyọ kan. Kì í pẹ́ tí ọmọ yóò fi wí pé, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, èyí kò tó mọ́. Mo fẹ́ èyí tí ó dára jù ú lọ.” Kí ni kí òbí fi dá a lóhùn? Kí sì ni kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ rò kí ó tó tọrọ owó?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nínú fíìmù milimítà 35 tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan máa ń gba àyè tí ó fẹ̀ ní milimítà 36, tí ó sì ga ní 24. Kámẹ́rà onídajì a máa pín àyè yìí sí méjì, a sì máa fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní milimítà 18 sí 24. Nítorí náà, fíìmù tí ó yẹ kí ó ya àwòrán 36 yóò ya 72. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ Olympus ní ilẹ̀ Jàpáànì gbé kámẹ́rà onídajì kan jáde tí wọ́n pè ní Olympus Pen. Ọ̀gbẹ́ni Yoshihisa Maitani ni ó ṣe ètò rẹ̀, kí mẹ̀kúnnù lè rí i rà, kí ó sì lè máa mú un kiri bí ẹní mú gègé ìkọ̀wé.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni Kodak Ektar H35, tí ó jáde ní ọdún 2022. Orúkọ Kodak ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ RETO ti Hong Kong ni ó ń ṣe é. Nǹkan bí dọ́là 49 ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó jáde. Ike ni ojú rẹ̀. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kò ṣe é fẹ̀, kò ṣe é dín, f/9.5 ni. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni ó fi ń ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Ricoh gbé Pentax 17 jáde, òun náà jẹ́ onídajì, ṣùgbọ́n nǹkan bí dọ́là 500 ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó jáde. Gíláàsì ni ojú tirẹ̀. Ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀nà mẹ́fà ni a sì lè gbà yí i sí bí ẹni tí à ń yà bá ṣe jìnnà sí wa tó. Ihò f/3.5 rẹ̀ lè gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju ìlọ́po méje ti H35 lọ. Ẹ wò ó, owó ẹyọ kan rẹ̀ nígbà tí ó jáde tó ra H35 mẹ́wàá.

Àwọn àgbà wa ní kí á ní fìlà ọ̀tọ̀, kí á mọ̀ ọ́n dé ọ̀tọ̀, kí ó sì yẹni ọ̀tọ̀. Ọgbọ́n yìí gan-an ni ó yẹ kí á lò níhìn-ín. Ẹ mú àwòrán 72 inú fíìmù kan tí a ti fọ̀, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín jókòó tì í. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó dára, èyí tí ọwọ́ ayàwòrán bàjẹ́, àti èyí tí agbára kámẹ́rà kò ká. Ẹ kà wọ́n. Iye tí ẹ bá kà ni yóò dáhùn ìbéèrè yín.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ọwọ́ bàjẹ́? Èkínní, bí ojú ẹni tí a yà bá ṣe bàìbàì nítorí pé a súnmọ́ ọn jù, ẹ̀bi ọwọ́ ni. H35 kò ríran dáadáa bí ohun tí à ń yà kò bá tó mítà kan sí i. Kí ọmọ sún ẹ̀yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, yóò dára. Èkejì, bí orí ènìyàn bá gé, ẹ̀bi ọwọ́ ni pẹ̀lú. Fèrèsé kékeré tí a ń fojú wò kọ́ ni fíìmù ń gbà wò. Bí a bá ṣe súnmọ́ tó ni ohun tí ojú wa rí àti ohun tí fíìmù rí ṣe ń yàtọ̀ tó. Ẹ̀kẹta, bí inú ilé bá ṣókùnkùn tí a kò tan fíláàṣì, kámẹ́rà kọ́ ni kí á bá wí. Fíìmù tí a kọ 400 sí lára bá kámẹ́rà yìí mu lábẹ́ ibòòji àti nínú oòrùn, ṣùgbọ́n nínú yàrá, àfi fíláàṣì. Ẹ̀kẹrin, bí a bá mú kámẹ́rà onídajì bí a ti ń mú kámẹ́rà yòókù, òòró ni àwòrán yóò dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya gbogbo ẹbí tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níbi ìsọmọlórúkọ gbọ́dọ̀ yí kámẹ́rà náà dúró.

Èyí tí agbára kámẹ́rà kò ká ńkọ́? Bí ìyá àgbà bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí a kò fẹ́ kí fíláàṣì ba ẹwà ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́, H35 kò lè yà á. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọmọ tuntun ni a fẹ́ yà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25, kò lè yà á. Bí ó bá jẹ́ wólímọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, tí ọmọ tí ń ka Kùránì jókòó síbi tí fíláàṣì kékeré kò lè dé, kò lè yà á. Irú àwòrán báyìí kì í padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Bí òun ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ yín pàdánù, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní ìdí.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé owó ni yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Pentax 17 kì í wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ni a fi ń yí i sí bí ohun tí à ń yà ṣe jìnnà tó, ẹni tí kò bá sì mọ ìwọ̀n mítà kan sí mẹ́ta yóò tún máa ya bàìbàì. Lẹ́yìn èyí, ìdajì náà ni ìdajì. Milimítà 18 sí 24 ni ti olówó pọ́ọ́kú, milimítà 17 sí 24 sì ni ti olówó gọbọi. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ńlá tí a ó fi kọ́ sára ògiri ni ọmọ ń fẹ́, kámẹ́rà àlòkù tí ń lo ojú fíìmù ní kíkún lè ṣe é láǹfààní jù.

Ọ̀nà kan tún wà láàárín. Olympus Pen EE, tí ó jáde ní ọdún 1961, kò nílò bátìrì, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń bá a wọn ìmọ́lẹ̀. Àlòkù ni gbogbo rẹ̀ báyìí, nítorí náà ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi ọwọ́ bo gíláàsì tí ó yí ojú rẹ̀ ká, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Bí àmì pupa bá yọ nínú fèrèsé rẹ̀, tí ó sì kọ̀ láti ya àwòrán, ó ṣì mọ òkùnkùn. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá yà, ó mọ ìmọ́lẹ̀. Bí àmì pupa kò bá yọ rárá nínú òkùnkùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò ilé. Ẹ béèrè iye fíìmù kan àti owó ìfọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò yín. Kí á fi ṣe àpẹẹrẹ pé àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 25. Iye tí wọ́n ń ta Pentax 17 kan nígbà tí ó jáde yóò ra irú rẹ̀ 20, èyí tí í ṣe àwòrán 1,440. Ọmọ tí ó bá ya ìdajì iye yẹn, tí ó ń kọ sínú ìwé bí ó ṣe jìnnà tó àti irú ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níbẹ̀, yóò ti di ayàwòrán. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ ya fíìmù mẹ́ta sí i pẹ̀lú èyí tí ó ní, kí ó sì ṣe àtúnṣe ọwọ́ tí a kà sílẹ̀. Bí àwòrán tí kámẹ́rà kò ká bá ṣì pọ̀ ju ìdá mẹ́ta lọ nínú ìkẹta rẹ̀, kí ìdílé jókòó, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ gbèsè. Bí kò bá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ra fíìmù fún un.