Kánítíìnì àti Ìṣòro "Lè"

Bí oníbàárà kan ní Ìkàrẹ́ Àkókó bá mú ìgò L-carnitine tọ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lọ pé kí ó túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sí i lára fún òun, kò ní pẹ́ kí olùkọ́ náà tó kan may ti Gẹ̀ẹ́sì. "Ó lè ran ọkàn lọ́wọ́" ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ yóò kọ. Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ méjì ni "lè" ń ṣe nínú èdè Yorùbá: ó ń sọ agbára, bí ẹni pé "Òjó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì", ó sì ń sọ ohun tí a kò mọ̀ dájú, bí ẹni pé "òjò lè rọ̀ lọ́la". Àgbàlagbà ará Ọ̀kà tí àyà ń dùn, tí owó oògùn ilé ìwòsàn sì ń wọ̀ lọ́rùn, ti Òjó ni yóò gbọ́, kì í ṣe ti òjò. Ó lè tìtorí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì.

Kí ni èròjà náà gan-an? Inú ẹran ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Rọ́ṣíà ní 1905, ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ẹran ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Aláàárù ni: òun ni ó ń ru ọ̀rá wọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sun ún di agbára. Ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ń ṣe é fúnra wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ara rẹ̀ dá, ìbáà má tilẹ̀ jẹ ẹran rárá, kì í sábàá ṣe aláìní rẹ̀. Bí iṣu tí ó wà ní ọjà Ìkàrẹ́ kò bá ju ẹrù aláàárù mẹ́ta lọ, kí ni a fẹ́ fi mẹ́wàá ṣe?

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti ṣìnà lórí orúkọ rẹ̀ rí. Fraenkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé kòkòrò kan tí ń jẹ ìyẹ̀fun kò lè dàgbà láìsí èròjà kan, wọ́n sì pè é ní fítámì BT. Ní 1952 ni ó hàn pé kánítíìnì ni. Nígbà tí a mọ̀ pé ara ènìyàn ń ṣe é, orúkọ fítámì kò bá a mu mọ́. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní aṣaralóore, orúkọ tí ó ti ṣèlérí kí a tó wádìí. Kí a máa pè é ní kánítíìnì, kí "aláàárù ọ̀rá" sì jẹ́ àlàyé inú kíláàsì. Àfikún oúnjẹ ni ohun tí ó wà nínú ìgò náà. Oògùn ni ó jẹ́ fún àwọn tí a bí àìní rẹ̀ mọ́, àti fún àwọn kan tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò pàṣẹ rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ kan náà rìn. Ìwádìí kan ní Ítálì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, yẹ àwọn aláìsàn ọkàn tí ó ju 2,300 lọ wò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sí ìyàtọ̀ tí ó dájú nínú ohun tí wọ́n ń wá gan-an. Àkópọ̀ ìwádìí mẹ́tàlá ní 2013 ní ikú dín kù. Ní ọdún kan náà ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń sọ kánítíìnì di ohun tí a fura sí pé ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ti ọ̀rá ara ńkọ́? Ìwọ̀n tí ó dín kù kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sì ń lo gíráàmù mẹ́ta lóòjọ́, èébì lè gbé e, ara rẹ̀ sì lè máa rùn bí ẹja. (Èyí kì í sábà sí nínú ìpolówó.)

Ohun tí ó yẹ kí ògbufọ̀ kọ ni "a kò tíì mọ̀ dájú bóyá ó ń ran ọkàn lọ́wọ́", tàbí "ìwádìí kan sọ pé ó ṣe é, òmíràn kò rí i bẹ́ẹ̀". Àwọn kan yóò ní ó ti gùn jù fún ara ìgò. Ó gùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ní Àrìgìdì àti Erúṣú, nítòsí Ìkàrẹ́, èdè ilé yàtọ̀ sí Yorùbá; ilé ìwé àti ọjà ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ. Ohun tí a bá kọ ni wọn yóò kà. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí ti 1984 àti 1990 ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó ku kí ẹnìkan jókòó ti "lè", "máa ń" àti "yóò" bí wọ́n ti ń jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ ìlera, kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ ní Àkùngbá àti níbòmíràn lè ní ohun tí wọn yóò tẹ̀ lé.