Owó Àyálò Kọ́ Ni A Fi Ń Kọ́ Òwò: Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa àti Ọjà Orí Fóònù

Irú ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣàjèjì mọ́ létí àwọn àlùfáà ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré. Lẹ́yìn ìsìn, òbí kan yóò fà sẹ́yìn títí èrò yóò fi túká, yóò sì wá sọ pé ọmọ òun tó wà ní yunifásítì ti fi owó ilé-ìwé ṣe òwò kan lórí fóònù, owó náà sì ti lọ. Bí a bá wádìí síwájú sí i, a lè rí i pé owó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè tí òbí náà yóò wá bi wá ni pé: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọmọ òun dá ni, àbí àìmọ̀kan ló ṣe é?

Ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Àwọn kan ń wàásù pé tẹ́tẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pe ẹni tó jèrè jáde láti wá jẹ́rìí níwájú ìjọ, wọn kò sì pe ẹni tó pàdánù. Lójú tiwa, ìdáhùn méjèèjì kò tó.

Ọjà tí àwọn bàbá wa mọ̀

Kí fóònù tó dé ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ti mọ òwò tí iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Títí di ọdún 1986, àjọ ìjọba ni ó ń dá iye lé kòkó. Nígbà tí ìjọba tú àjọ náà ká lọ́dún yẹn, àgbẹ̀ di ẹni tó ń dojú kọ iye tí ọjà London àti New York bá pè. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní New York, nítorí pé ojú ọjọ́ àti àrùn igi ti dín ìkórè kù ní Ghana àti Côte d'Ivoire. Nígbà tó fi di ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2025, kò tó 6,000 dọ́là mọ́.

Ọmọ àgbẹ̀ tó jókòó ní Yunifásítì Bámidélé Olúmìlúà ní Ìkẹ́rẹ́, tó fẹ́ mọ ohun tó mú kí iye kòkó bàbá rẹ̀ ga kí ó sì tún já wálẹ̀, kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ìmọ̀ gidi ni ó ń wá. Ẹ̀yin ará yóò rántí òwe tálẹ́ńtì nínú Mátíù orí 25. Àwọn ẹrú méjì àkọ́kọ́ ṣòwò, olúwa wọn sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé olówó fúnra rẹ̀ ni ó fi owó náà lé wọn lọ́wọ́, ó sì fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Bàbá tó ta kòkó láti san owó ilé-ìwé kò fún ọmọ lówó òwò.

Ìṣirò tó yẹ kí ó ṣáájú

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nínú òwò yìí ni ẹ̀yáwó. Alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì a máa yá oníbàárà lówó láti fi kún èyí tó mú wá. Bí ó bá yá a ní ìlọ́po 100, akẹ́kọ̀ọ́ tó mú 10,000 náírà wá yóò máa ṣòwò mílíọ̀nù kan náírà. Bí iye ọjà bá yí padà sí i pẹ̀lú ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, 10,000 rẹ̀ ti tán. Lọ́dún 2018, àjọ tó ń mójú tó irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé nínú àkáǹtì 100 àwọn oníbàárà kéékèèké tó ń ṣe òwò ẹlẹ́yàwó yìí, 74 sí 89 ni ó ń pàdánù.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé pípàdánù yá ju gbígbà padà lọ. Ẹni tí 10,000 rẹ̀ di 5,000 ti pàdánù ìdajì, ṣùgbọ́n kí ó tó lè padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó kù gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹni tí kò mọ èyí ni í máa fi ìbínú lépa owó tó sọnù, tí yóò sì lọ yá òmíràn.

Ohun tí ọdún 2008 fi hàn

Kí àwa àgbà má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín-ìdókòwò ní Èkó kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún kan yípo, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ìpín ṣì ní ìwé ìpín rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lè dúró. Ọ̀pọ̀ tó yá owó lọ́wọ́ ilé-ìfowópamọ́ láti rà á kò rí àyè dúró, nítorí gbèsè kì í dúró de ọjà. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn ná. Owó àyálò ni ó pààlà sáàárín wọn.

Ìdí nìyí tí ọkàn wa kò fi balẹ̀ nípa owó NELFUND. Láti ọdún 2024 ni àjọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó ilé-ìwé, pẹ̀lú 20,000 náírà lóṣù fún àtijẹ àtimu. Kò ní èlé, ṣùgbọ́n gbèsè ni. Ẹni tó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàtà ti fi ẹ̀yáwó lé orí ẹ̀yáwó.

Ẹni tó ní òun yóò dá wa láṣọ

Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn kọ́ òwò, ọ̀tọ̀ ni kí ó kó owó fún ẹni tó ní òun yóò bá a ṣe é. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, MMM tó ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX ṣe bákan náà. Ó ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ni òun fi ń ṣòwò, àti pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Nígbà tí owó kò ṣeé gbà mọ́, ó tún ní kí àwọn ènìyàn san 100 tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n tó lè rí owó wọn gbà. Àwọn tí inú bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun yóò dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí a wò. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà dẹ́rù ba àwọn tó ń dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba sì ti gbé àṣẹ lórí irú òwò wọ̀nyí lé àjọ SEC lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àjọ náà mọ ilé-iṣẹ́ náà.

Ojúṣe wa nínú ìjọ

Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi pẹpẹ polówó ètò kankan. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín àwọn ará ni ọ̀nà tí àwọn ètò yìí máa ń gbà wọlé, bí ó bá sì bàjẹ́, kì í tètè padà. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ léèrè pẹ̀lú sùúrù, kí wọ́n lè sọ òtítọ́ nígbà tí owó kò tíì tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ ọ. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ kì í fi aṣọ oníbàárà bẹ̀rẹ̀; orí àkísà ni ó ti í kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń gé e. Àkáǹtì ìdánrawò, tí kò gba owó gidi, ni àkísà tiyín. Ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rà àti èyí tí ẹ bá tà sínú ìwé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, fún odindi ọdún kan. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá fẹ́ fi owó gidi ṣe é, kí ó jẹ́ owó yín, kí ó kéré, kí ó sì jẹ́ èyí tí ebi kò ní pa yín bí ó bá lọ.

A padà sí ìbéèrè òbí náà. Ọmọ tó pàdánù owó ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń kọ́ òwò ti san owó ẹ̀kọ́. Èyí tó fi owó ilé-ìwé tàbí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é láìsọ fún wọn ti ṣẹ̀. Kí ó jẹ́wọ́, kí ó sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀, kí ìjọ má sì ṣe ta á nù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n àti sùúrù. Àmín.