Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Bọ́ Ẹṣin Kí Ó Tó Gùn Ún

 Ẹjọ́ kan ni wọ́n gbé wá síwájú mi ní Kàdúná níbí. Mo ti dá a, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e wá ń wí káàkiri pé mo ṣe ojúsàájú. N óò rò ó fún yín kí ẹ̀yin náà bá wa gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 12. Lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń gbé, bàbá arúgbó Hausa kan ń sin ẹṣin mẹ́rin. Baba Mai Doki ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ó tó ọdún méjì tí ọmọ yìí ti ń yà sí ibẹ̀ bí ó bá ti ilé ìwé dé. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀, ó pa á mọ́ra. Àṣírí tú ní ọjọ́ tí olùkọ́ ránṣẹ́ sílé pé ọmọ náà kì í jẹun ní àkókò ìsinmi. Owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún un ni ó fi ń ra hàráwà, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, fún ẹṣin dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Àkàwàlì.

Inú bí ọ̀rẹ́ mi gidigidi. Ó fa ọmọ náà wá sí ọ̀dọ̀ mi. "Ìwọ tí o kàwé," ó ní, "bá mi bi í léèrè bóyá ó ti di Gàmbàrí ni. Ọmọbìnrin wo ni ó ń tẹ̀lé ẹṣin kiri ní ilẹ̀ wa?"

Òun fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bi léèrè. Mo ní, "Ní Iléyá tí ó kọjá, kí ni o gùn lọ sí Ojúde Ọba?" Ó dákẹ́.

Ìdílé Balógun ni ọ̀rẹ́ mi ti wá. Bí ó bá ti di ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, yóò wà nílé nínú ẹ̀wù sányán, yóò jókòó lórí ẹṣin tí wọ́n fi owó gbà, ọkùnrin méjì yóò sì di ìjánu mú fún un ní ọ̀tún àti ní òsì. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni òun àti ẹṣin ọ̀hún ń kọ́kọ́ rí ara wọn. Láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n sì ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin wọ̀nyí lọ sílé. Ẹni tí ń san owó gọbọi láti gun ẹṣin ní ọjọ́ kan péré ni kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ kan ẹṣin ní ọjọ́ yòókù!

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ojúde Ọba ni mo fi ń ṣẹ̀sín. Ọdún tí ó gbayì ni, àwòrán rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ayé ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ohun tí mo máa ń wò níbẹ̀ ju aṣọ lọ ni àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbé gun ẹṣin níwájú ìdílé wọn. Òmíràn jókòó pẹ̀sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lórí okùn ìjánu, ẹṣin ń yan lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn di gàárì mú bí ẹni tí ó gun orí òrùlé, ojú rẹ̀ ń wá ìyá rẹ̀ kiri. Àwọn méjèèjì ni òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún, ṣùgbọ́n ẹṣin mọ ìyàtọ̀.

Ní ti pé ẹṣin kì í ṣe tiwa, ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi di alágbára, tí ogun rẹ̀ fi dé ilẹ̀ Dàhòmì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Òtítọ́ ni pé láti apá àríwá ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin rẹ̀, nítorí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Nígbà tí ó sì di nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ará Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n èdè wa kò gbàgbé. Òwe ni a fi ṣe ẹṣin ọ̀rọ̀. A kò fi ṣe kẹ̀kẹ́ ọ̀rọ̀.

Mo tẹ̀lé ọmọ náà lọ sí ibùso ẹṣin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí n má baà dá ẹjọ́ ohun tí n kò rí. Kò gbà kí n gba ẹ̀yìn súnmọ́ Àkàwàlì. Ó ní ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, kò lè rí ẹni tí ó bá dúró gan-an lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rù a sì mú kí ó ta ẹni náà nípàá. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọhùn, kí n gba apá òsì, kí n na àtẹ́lẹwọ́ mi sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin náà sókè, ó fi irin ha ìdọ̀tí inú pátákò rẹ̀. Ó ní bí òkúta bá há síbẹ̀ ẹṣin yóò tiro, àti pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ bá ti kọjá, ó yẹ kí wọ́n gé pátákò náà. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ń tú hàráwà wò kí ó tó gbé e kalẹ̀. Ó ní ẹṣin kì í bì. Bí ó bá gbé ewé tí ó ti bu mì, kò lè pọ̀ ọ́, inú rírun sì lè pa á ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Omi tí ẹṣin ń mu lójúmọ́ tó lítà 20 sí 40, ọmọ yìí a sì máa bá wọn pọn nínú rẹ̀. Ọmọ kan náà tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kì í fẹ́ fọ àwo nílé!

Ọ̀rọ̀ ìjánu ni ó dùn mí jù. Mo ti rí ẹṣin ní ọjọ́ ọdún tí itọ́ ẹnu rẹ̀ pupa fún ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gùn ún ń fa ìjánu le-le kí àwọn ayàwòrán lè rí i bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè. Ìka méjì péré ni ọmọ yìí fi fa okùn, Àkàwàlì sì dúró.

Ọ̀rẹ́ mi tún ní obìnrin ni, pé eré ọkùnrin ni. Mo ka ìtàn Lis Hartel fún un, ọmọbìnrin ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò fi ní agbára mọ́ láti orúnkún lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ní láti máa bá a gbé ara rẹ̀ gun ẹṣin. Síbẹ̀ ó bá àwọn ọkùnrin díje níbi eré Òlíńpíìkì ti Helsinki ní 1952, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà.

Ibì kan wà tí mo ti gbè sẹ́yìn bàbá. Ọmọ náà fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun gun Àkàwàlì níbi sùkúwà, eré ìje ẹṣin. Mo ní rárá, kò ì tí ì yá. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin kéékèèké tí wọ́n ń gbé lé ẹṣin eré ìje nítorí pé wọn kò wúwo, láìsí akoto lórí wọn, lórí ẹṣin tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó, nítorí egungun ẹṣin kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 5 sí 6. Ìjẹgàba àgbà lórí ọmọ àti lórí ẹran ni mo pe èyíinì. Ìdíje dára, ó ń kọ́ ọmọ ní ìfaradà, ṣùgbọ́n kí ọdún bíi mélòó kan kọjá ná, kí ó sì ní akoto.

Níbo ni ọmọ wa yóò ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ bí kò ṣe níhìn-ín? Kàdúná yìí ni wọ́n ti ṣe dọ́bà ńlá ti FESTAC ní 1977. Ní 2024 ni àjọ UNESCO kọ dọ́bà Kánò mọ́ àwọn àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, àwọn ẹṣin iwájú sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lójoojúmọ́, a ti ilẹ̀kùn pa.

Báyìí ni mo ṣe dá ẹjọ́ náà: kí bàbá máa san owó hàráwà lọ́tọ̀, kí ọmọ lè jẹun ní ilé ìwé, kí ó ra akoto fún un, kí òun fúnra rẹ̀ sì wá sí ibùso ẹṣin ní Sátidé. Lórí èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ti ní mo ṣe ojúsàájú.

Ó wá ṣá o. Ó wọ bàtà tuntun. Ọmọ rẹ̀ fọhùn, Àkàwàlì sì ti imú bọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi náà na ọwọ́ tirẹ̀. Ẹṣin gbóòórùn rẹ̀, ó yí orí padà. "Ẹ má bínú, Bàbá," ni ọmọ náà wí, "kò tíì mọ̀ yín ni. Ẹ bu omi fún un wò."