Ká Kọ́ Kílọ́ọ̀ṣì Ká Tó Kọ́ Àbùjá

Bí ẹ bá ń gun ọ̀kadà láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjagun, ẹ wo ọwọ́ òsì ọlọ́kadà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbéra tán, ọwọ́ yẹn kì í kan kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń yí jíà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa tó ń fi ọ̀kadà wá owó ilé-ìwé náà ti ń kọ́ ọ, wọ́n ní ọgbọ́n ni.

Ọgbọ́n ni lóòótọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà, eyín jíà á fún mọ́ra pinpin. Dín iná kù wẹ́rẹ́, wọ́n á tú, jíà tó kàn á sì wọlé láìdún. Ọjọ́ tí wáyà kílọ́ọ̀ṣì bá já lọ́nà, ìmọ̀ yìí lè gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ká fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mi ò fara mọ́. Wọ́n á ní Honda Super Cub, tó jáde ní 1958, kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ní in nínú o. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ jíà ló ń ṣí i. Bajaj Boxer kò rí bẹ́ẹ̀. Béèyàn bá ṣìṣe níbi tó ti ń gun jíà lọ sókè, ó lè máà ju kó dún gbàgà lọ. Níbi tó ti ń já a wálẹ̀ ní kọ́nà ńkọ́? Táyà ẹ̀yìn lè yọ̀, kí èrò sì balẹ̀.

Ẹni tó ṣì ń san owó ọ̀kadà díẹ̀díẹ̀ fún olówó ló máa tún eyín jíà tó bá jẹ ṣe, wáyà kílọ́ọ̀ṣì kò sì wọ́n tó o. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó lọ sí pápá lóun nìkan. Èrò tó ń sáré lọ ṣe ìdánwò kọ́ ni wọ́n ń fi kọ́ ọ.