Kàkó Méje Kò Lè Dé Òkè Láńgbòdó

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi òǹkàwé, ìjà ni mo gbé wá lónìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó ń ta eré ogun orí tábìlì ní kámpọ́ọ̀sì yìí, tó jẹ́ pé kalikulétọ̀ ló fi ń yan ọmọ ogun, ó ń ba eré náà jẹ́ ni. Mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó kọ́kọ́ kà á tán ná.

Fún àwọn tí kò mọ ohun tí à ń wí: eré kan wà tí wọ́n ń pè ní Warhammer. Ilé iṣẹ́ Games Workshop tó wà ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín, 1983 ni ó sì kọ́kọ́ jáde. Ère kéékèèké la fi ń ta á, bí a ṣe ń fi ọmọ ayò ta ayò. Ìwọ á kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun tìrẹ jọ, èmi náà á kó tèmi, a ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ sórí tábìlì. Rúlà la fi ń wọn ibi tí wọ́n rìn dé, dáìsì la fi ń mọ ẹni tó kú. Òkú tó jí dìde wà níbẹ̀, eku tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn tó sì ń yin ìbọn wà níbẹ̀, aràrá wà níbẹ̀, iwin inú igbó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà, kí ló tún fẹ́ yà á lẹ́nu?

Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí wọ́n dá lé e, pọ́ìǹtì là ń pè é. A lè fẹnu kò sí 2000 pọ́ìǹtì, tàbí 1000 bí tẹ́ẹ̀sì bá wà lọ́jọ́ kejì. Nínú ẹ̀dà tó jáde ní 2010, òfin ni pé ó kéré tán, 25 nínú 100 pọ́ìǹtì rẹ gbọ́dọ̀ lọ sórí àwọn ọmọ ogun lásán, àwọn mẹ̀kúnnù tó ń di ọ̀kọ̀ àti apata mú. Àwọn ọ̀gágun tó ga jù kò gbọdọ̀ kọjá 25 nínú 100, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ohun ìjà tó ṣọ̀wọ́n. Mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an. Ẹni tó kọ ọ́ ti mọ̀ wá tipẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi wá sílẹ̀, dírágónì nìkan la ó kó wá, kò ní sí ẹni tí yóò ru ẹrù.

Àwọn tí mò ń bá jà wá sọ òfin yìí di owó orí. Wọ́n á san 25 wọn pẹ̀lú ìkùnsínú, wọ́n á mú àwọn mẹ̀kúnnù tó rọjú jù lọ, wọ́n á kó wọn sí kọ̀rọ̀ tábìlì, ó tán. Ìyókù á lọ sórí ohun kan náà, ohun kan náà, ohun kan náà. Ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní 400 level (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀) kò tiẹ̀ yan ọmọ ogun rí láyé rẹ̀. Ó da lísìtì ẹni ẹlẹ́ni kọ láti orí fóònù, ó wá ń pe ara rẹ̀ ní Balógun. Balógun ìdàkọ! Bí ẹnì kan bá da ewì kọ báyìí tó mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa yìí, ṣé a ó pàtẹ́wọ́ fún un?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé torí mi ò mọ ìṣirò ni. Mo mọ̀ ọ́n. Kó 20 tafàtafà síwájú; kí wọ́n nílò 4 sókè lórí dáìsì kí ọfà tó bà, kí wọ́n tún nílò 4 sókè kó tó gún. Nínú 20, 10 á bà, 5 á gún. Bí ìhámọ́ra ọ̀tá bá ń gbà á lórí 5 àti 6, èèyàn bíi 3 ló kú. Ṣé ẹ rí i? Kò le. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè ṣe é. Ohun tí kalikulétọ̀ ò lè sọ fún ẹ ni ìdí tí àwọn 20 yẹn fi dúró síbẹ̀, ta ló rán wọn, àti orin tí wọ́n kọ bọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé wa. Ní 1938, Fágúnwà gbé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde. Nígbà tí ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, àwọn wo ló bá a lọ? Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn wà níbẹ̀, òótọ́ ni, alágbára ọkùnrin. Ṣùgbọ́n Ìmọ̀dòye náà wà níbẹ̀, ọgbọ́n ni tirẹ̀. Ẹfọ́ìyẹ̀ wà níbẹ̀, ọfà ni tirẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé orin ló mọ̀ ọ́n kọ. Orin o! Àwọn mìíràn tún wà pẹ̀lú wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n wa ti 400 level ni ọba fi lísìtì náà lé lọ́wọ́ ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Yóò tẹ kalikulétọ̀, yóò rí i pé kùmọ̀ ló ń pa èèyàn jù, yóò kó Kàkó méje. Olóhùn-iyọ̀ kẹ̀? Pọ́ìǹtì mélòó ni orin? Yọ ọ́ dànù.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìbá di ìwé kùmọ̀ lásán, kò sì ní sí ẹni tí yóò kà á dé ojú ewé kẹwàá.

Ẹ̀gbẹ́ ọmọ ogun tó dùn ún wò nínú eré yìí, àléébù wọn ló mú kí wọ́n dùn. Ẹ wo àwọn Orc àti Goblin. Nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, nígbàkígbà tó bá ti kàn ọ́, o gbọ́dọ̀ ta dáìsì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Bí 1 bá yọ, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà nìyẹn, wọn ò gbọ́ tìẹ mọ́. Ìwọ á máa pàṣẹ, wọ́n á máa yọ ẹ̀ṣẹ́ síra wọn. O tún lè fi wèrè tó tó mẹ́ta pamọ́ sáàárín àwọn Night Goblin, olúkúlùkù pẹ̀lú irin roboto tó so mọ́ ṣéènì. Bí ọ̀tá bá súnmọ́ tòsí, wọ́n á fò jáde, wọ́n á máa fi irin yẹn pòòyì, dáìsì ló sì ń sọ bí wọ́n ṣe máa jìnnà tó. Ẹni tí wọ́n bá bá lọ́nà ni wọ́n ń fọ́, ì báà ṣe ará ilé. Mo ti rí i tí wèrè kan ṣoṣo yí padà tó fọ́ ọ̀gágun ara rẹ̀, gbogbo yàrá dìde, a ń pariwo títí pọ́tà fi wá kan ilẹ̀kùn. Kalikulétọ̀ wo ló lè fún ẹ ní ìyẹn?

Tàbí kẹ́ ẹ wo àwọn aràrá. Wọn ò ní oṣó, wọn ò ní ẹṣin, ẹsẹ̀ wọn kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé íńṣì 3 ni wọ́n ń rìn níbi tí èèyàn ti ń rìn 4. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ṣẹ̀ wọ́n sí, wọn kì í gbàgbé, wọn kì í dárí jì. (Mo mọ ìdílé tó ní irú ìwé yẹn láìkọ ọ́ sílẹ̀.) Àwọn tí ìtìjú bá nínú wọn á tún fá orí, wọ́n á fi irun tó kù ṣe ṣónṣó, wọ́n á kùn ún láwọ̀ ọsàn, wọ́n á bọ́ ìhámọ́ra sílẹ̀, wọ́n á máa wá ẹran abàmì ńlá tí yóò pa wọ́n kiri. Àwa tó gbọ́ ìtàn Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí wọ́n ní bí kò bá gbé ìṣẹ́gun bọ̀, òkú rẹ̀ ni kí wọ́n gbé bọ̀, a mọ ohun tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń sá fún. Ẹni tó bá yan àwọn yẹn ti yan ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kí dáìsì kankan tó balẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ọ̀rẹ́, ìṣẹ́gun la wá ṣe, ṣé kí n máa jìyà ni?" Rárá o, jà kí o borí. Èmi náà ń fẹ́ borí. Àmọ́ bí gbogbo ènìyàn bá gbé lísìtì kan náà wá, ta lo borí? Ọmọ 100 level méjì wá bá wa ta eré ní sẹ́mẹ́sítà tó kọjá. Wọ́n fọwọ́ ara wọn gé ọmọ ogun egungun, wọ́n yà á dáadáa, ọ̀kan tiẹ̀ sọ gbogbo wọn lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n kan palẹ̀ wọn mọ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó tún ń ṣàlàyé fún wọn pé egungun "kò wúlò". Wọn ò padà wá mọ́. Kín ni èrè ìṣẹ́gun yẹn?

Bó bá tiẹ̀ jẹ́ èrè lẹ ń wá, agbára inú ìwé òfin kì í pẹ́. Ẹ̀dà tuntun á dé, ẹni tó lágbára lánàá á di ẹni yẹpẹrẹ. Ní 2015, ilé iṣẹ́ náà tiẹ̀ fọ́ gbogbo ayé eré yẹn túútúú, wọ́n gbé òmíràn jáde tí wọ́n pè ní Age of Sigmar, tí kò tilẹ̀ ní pọ́ìǹtì rárá níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó di 2016 ni wọ́n tó dá pọ́ìǹtì padà. Ẹ fojú inú wo àwọn oníkalikulétọ̀ lọ́dún yẹn! Ẹgbẹ́ Bretonnia, àwọn ajagun orí ẹṣin, pẹ̀lú Tomb Kings, àwọn ọba òkú inú aṣálẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n pa tì. Ní January 2024 wọ́n gbé ayé àtijọ́ náà padà pẹ̀lú orúkọ The Old World, àwọn méjì yìí ni wọ́n sì fi ṣí i. Ẹni tó tọ́jú tirẹ̀ nítorí ìfẹ́ kàn gbọn eruku wọn nù ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan ohun kan. Máàpù ayé eré náà fara jọ máàpù ayé tiwa. Níbi tó yẹ kí ilẹ̀ Áfíríkà wà, Southlands ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ta ló ń gbé inú igbó ibẹ̀? Àwọn alángbá tó ń fẹsẹ̀ méjì rìn, tí ilé òkúta wọn jọ ti àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú tó jọ tiwọn, àwọn Faransé ní, àwọn Jámánì ní. Àwa ní alángbá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ yín ti wá ń sọ pé ká ṣe ti Yorùbá nígbà náà, kí a gbé Ṣàngó wá ní 500 pọ́ìǹtì, kó máa sán àrá. Ẹ rọra. Àwọn tó ń bọ Ṣàngó wà láàyè, wọ́n wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n wà ní Brazil àti Cuba. Ta ni yóò dá iye lé e, ìwọ pẹ̀lú kalikulétọ̀ rẹ? Ìwé ìtàn àròsọ wa kún fún ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni kò bọ. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún nìkan tó gbòde kan.

Nítorí náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi: 1000 pọ́ìǹtì, àwọn ọdẹ Òkè Láńgbòdó. N kò ra ère kankan, torí owó àpótí ère kan lè jẹun fún mi lọ́sẹ̀ kan. Páálí ìṣáná àti ti ìwé ni mò ń gé, gọ́ọ̀mù ni mo fi ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdérí ìgò mínírà. Àwọn ọlọ́kọ̀ lásán pọ̀ níbẹ̀, 30, wọ́n sì lórúkọ. Ìwé òfin Orc àti Goblin ni mo yá fún wọn, torí èmi ò gbà pé ọdẹ méje lè rìn pọ̀ láìjà. Kàkó kan ṣoṣo ló wà. Olóhùn-iyọ̀ ló di àsíá mú, ààyè rẹ̀ kò sì sí fún títà.

Àwọn tafàtafà Ẹfọ́ìyẹ̀ ni kò tíì parí. Ìyá tó ń ta adìẹ lẹ́yìn gbọ̀ngàn ti ṣèlérí ìyẹ́ fún mi. Ẹni tó bá mọ síkàsí lò dáadáa, kó wá sí yàrá mi lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó ku 12 ká gé. Ẹ̀gbọ́n ti 400 level náà lè gbé 1000 pọ́ìǹtì tirẹ̀ dání. Kó má ṣe gbé fóònù wá.