Ìrànrán aláìsàn kì í ṣe ìjẹ́wọ́ àjẹ́

Bí aláìsàn tí àrùn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń wí ni pé ó ti ń kà, pé ẹ̀ṣẹ̀ àṣírí ló ń tú jáde kó tó kú. Ọ̀rọ̀ yìí ti da ilé rú, ó sì ti ba orúkọ ọ̀pọ̀ àgbà jẹ́ lẹ́yìn ikú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kantamanto ṣe àpẹẹrẹ, ọjà òkìrìkà ńlá tó wà láàárín gbùngbùn Accra, èyí tí iná jó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ká ní ìyá àgbà kan tó ti ń tú bélì aṣọ níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún ní jẹjẹrẹ ọmú tó ti dé eegun. Àwọn dókítà ti ní àrùn náà kò ṣeé wò sàn mọ́, morphine ni wọ́n fi ń dín ìrora rẹ̀ kù. Lọ́jọ́ Àìkú, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ geerege. Nígbà tó di òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń pariwo pé, “A ti tú u, a ti pín in, kálukú ti gbé tirẹ̀ lọ!” Ẹni tó mọ ọjà náà mọ̀ pé bélì aṣọ ni ìyá ń sọ. Ṣùgbọ́n aya ilé tó sin ọmọ lọ́dún tó kọjá yóò ní ẹran ọmọ òun ni wọ́n pín jẹ.

Ibi tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè yọrí sí kò fara sin ní Gáńà. Ní oṣù keje ọdún 2020, wọ́n lu Akua Denteh, ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, pa ní gbangba ní Kafaba, nítorí pé wọ́n pè é ní àjẹ́. A kò sọ pé ìrànrán ló ṣe é. Ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn lè fà ni kí a kíyè sí.

Kí ni ìrànrán gan-an? Ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ ni, tó máa ń dé láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, tó sì máa ń lọ tó máa ń bọ̀. Ọ̀nà yìí ló fi yàtọ̀ sí iyè ríra ogbó, èyí tó máa ń fi oṣù àti ọdún wọlé. Kì í sì í ṣe aláriwo nìkan ló ń ṣe. Ẹni tó dákẹ́, tó ń tòògbé, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, lè wà nínú rẹ̀, tirẹ̀ ni wọn kì í sì í tètè rí.

Bí dókítà ṣe ń dá a mọ̀ kò le. Àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ 4AT, tó jáde láti Edinburgh ní Scotland lọ́dún 2011. Ohun mẹ́rin ló ń wò: ṣé ojú aláìsàn dá, ṣé ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ibi tó wà àti ọdún tí a wà, ṣé ó lè ka oṣù láti December padà sẹ́yìn, ṣé ìyípadà náà ṣàdédé dé tàbí ó ń lọ ó ń bọ̀. Bí máàkì bá pé mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrànrán.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà ni kò mọ ọjọ́ ìbí wọn láti ìgbà tí ara wọn ti le. Bí nọ́ọ̀sì bá fi Gẹ̀ẹ́sì bi ìyá oníṣòwò yìí ní ìbéèrè wọ̀nyí, yóò fi àìmọ̀wé pe àìsàn. Èdè rẹ̀ ni kí wọ́n fi bi í, kí wọ́n sì ní kó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ìbéèrè kẹrin nìkan tó máàkì mẹ́rin, ẹbí tó jókòó tì í ló sì lè dáhùn rẹ̀. Ọmọ tó bá lè sọ pé, “Lọ́jọ́ Àìkú, ara ìyá mi dá, òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yí padà,” ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà.

Èrè wà nínú rẹ̀. Ìwádìí tí Peter Lawlor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Kánádà, tó jáde lọ́dún 2000, fi hàn pé nǹkan bí ìdajì irú ìrànrán yìí lára àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti wọra ló lọ nígbà tí wọ́n tọ́jú wọn. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ tó há, ìgbẹ́ tó dì, ibà, òùngbẹ, tàbí morphine tó ń kó jọ nínú ara nítorí kíndìnrín tó ti rẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, nítorí ìrora náà lè da orí rú. Kí wọ́n má sì sáré bẹ oògùn tí yóò pa á lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 2017, ìwádìí Meera Agar ní Ọsirélíà fi hàn pé haloperidol àti risperidone kò ṣe irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní ju oògùn òfìfo lọ. Ìdààmú wọn tilẹ̀ pọ̀ sí i.

Òótọ́ ni pé bí ikú bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìrànrán lè má lọ mọ́. Nígbà náà, kí wọ́n tan iná díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi awò sójú rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó sì máa pè é lórúkọ. Yálà ní Korle Bu l’Accra ni tàbí ní UCH n’Ìbàdàn, ohun tí ẹbí yóò kọ́kọ́ sọ fún dókítà ni ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà. Kí wọ́n má sì fi ohun tí àìsàn sọ lẹ́nu àgbà dá a lẹ́jọ́.