Okùn Tí Ẹ Na Yí Ọkọ̀ Àtijọ́ Ká, Ẹ Ká A Kúrò

Àkókò ìpàtẹ ọkọ̀ tún ti ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ti ń ṣèpàdé lórí ọkọ̀ tí wọn yóò gbé wá àti irú fìlà tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò dé. Kí wọ́n tó na okùn wọn, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹnìkan bi wọ́n: ta ni ẹ fẹ́ kí ó wá wo ọkọ̀ yìí, kí sì ni ẹ fẹ́ kí ó mọ̀ nígbà tó bá ń padà sílé?

Mo ní ìdí tí mo fi béèrè. Ní ìpàtẹ kan tó wáyé ní Èkó ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà lára àwọn tó bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣètò ààyè rẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ọkọ̀ mẹ́fà ni a gbé wá. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé kì í ṣe eré. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ gbọ̀ngàn, nítorí bí èrò bá ti wọlé, kò sí ọkọ̀ tó tún gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Epo inú táǹkì gbọ́dọ̀ kéré nítorí iná. A ó tú okùn orí bátìrì. A ó fi abọ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí ọkọ̀ tó ti dàgbà kò lè ṣe kó má jò. Gbogbo èyí ni a ṣe dáadáa.

Ìjàpá kan wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Fọ́ksìwágìn ẹlẹ́yìn rogodo tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mowó. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ó kú. Àwọn olówó ọkọ̀ wo ara wọn lójú. Ni wọ́n bá tẹ bàbá kan láago ní Mushin, àgbà mẹkáníìkì tó ti ń tún ìjàpá ṣe láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé, àpò sípánà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi ẹni tó ni ọkọ̀: ìgbà wo lo wà á kẹ́yìn? Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n yọ ìdérí ibi tí iná ti ń pín lọ sí àwọn púlọ́ọ̀gì, wọ́n fi pépà tí káfíńtà fi ń fá pákó ha pọ́ìntì tó ti dógùn-ún, wọ́n ní kí ó gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìjàpá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá fẹ́ dúró wòran díẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ, wá bá wọn. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, àwọn àlejò pàtàkì ti ń dé. Ẹ bá wa bọ́ sí ẹ̀yìn okùn.” Bàbá wo aṣọ ọrùn wọn tí ọ́ìlì ti ta sí. “Kò burú, ọmọ mi.” Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n lọ. Owó kẹ̀kẹ́ nìkan ni ẹgbẹ́ fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọdékùnrin kan nàka sí ìjàpá láti ẹ̀yìn okùn: “Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n ń bu omi sí nínú ẹ̀?” Àwọn tó dúró ti ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ iye tí wọ́n rà á fún un. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìjàpá kì í mu omi, pé afẹ́fẹ́ ni ó fi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n náà dákẹ́, nítorí mo ń wá ẹni tí yóò bá mi ya fọ́tò. Ojú ṣì ń tì mí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí a kọ sára káàdì tó wà níwájú ọkọ̀ náà. Ọdún rẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Jámánì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe Jámánì ni wọ́n ti to ìjàpá yẹn pọ̀. Ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Badagry, ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni ó sì ti jáde. Ilé iṣẹ́ kan náà ló to Igala, èyí tí ọmọ Bràsíìlì bá rí tí yóò pè ní Brasília, nítorí ọkọ̀ wọn ni, orúkọ ẹ̀yà tiwa ni a fi sọ ọ́. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà ni Píjò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, níbi tí 504 ti di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ oníṣòwò àti ọkọ̀ èrò. Káàdì wa kò sọ ọ̀kankan nínú èyí. Àwa fúnra wa ni a gba ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́wọ́ ọkọ̀ tí a bí nílé.

Ọkọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn èwe ń bi ara wọn léèrè bóyá àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ń gbà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ yẹn ni ẹlẹ́rìí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n a ti fi okùn so ó lẹ́nu.

N kò tíì mẹ́nu ba àwọn tí wọn kì í gbé wá rárá. Ta ni ó ti rí bọ́lẹ̀kájà ní ìpàtẹ, ọkọ̀ tí àwọn káfíńtà wa fi pákó kan ara rẹ̀ lé orí irin tó ti òkè òkun wá? Kọ́ḿbì Fọ́ksìwágìn tó di dánfó ńkọ́? Mọ̀lúè ńkọ́? Wọ́n ní kò dùn ún wò.

Mo mọ ìdáhùn wọn. Àkọ́kọ́ ni pé ọkọ̀ wọ́n, àwọn ọmọdé yóò ha á lára. Òótọ́ ni pé ọ̀dà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣọ́ ọkọ̀ ni ènìyàn tó mọ̀ ọ́n, tó lè sọ pé “fọwọ́ kan ibí yìí, má fọwọ́ kan tọ̀hún.” Okùn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá wà tó ti di ẹlẹgẹ́ ju èyí lọ, ẹ na okùn yí òun nìkan ká, a ó yé yín.

Èkejì ni èyí tó ń bí mi nínú jù: wọ́n ní báyìí ni àwọn aráyé ń ṣe é. Àwọn aráyé wo? FIVA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ àtijọ́ láti ọdún 1966, ní ìwé àdéhùn kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Turin pè, ti ọdún 2012. Ohun tí ìwé náà ń tẹnu mọ́ ni pé kí a tọ́jú ọkọ̀ bí ìgbésí ayé rẹ̀ ti sọ ọ́ dà, kí a má fi ìkánjú pa àmì ọjọ́ orí rẹ̀ rẹ́. Ní Birmingham, nínú gbọ̀ngàn NEC, ìpàtẹ kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ ti máa ń tú ọkọ̀ palẹ̀ níwájú èrò, tí ọ́ìlì ń kan ọwọ́ wọn, tí wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, aṣọ ọlọ́ìlì tí ẹ lé jáde ní Èkó, òun ni wọ́n ń sanwó láti wò níbẹ̀. (FIVA tún ní ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún, kí ó má sì jẹ́ ohun tí a fi ń rìn lójoojúmọ́. Ẹ wá sọ èyí fún Píjò 504 tó ṣì ń kó iṣu bọ̀ láti oko.)

Bí ẹ kò bá sì fẹ́ gba àpẹẹrẹ òkèèrè, ẹ lọ sí Oníkan. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ ni Mercedes dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí panẹ́ẹ̀lì-bítà wá dí i, kí wọ́n kun ọkọ̀ náà kó lè dùn ún wò. N kò mọ ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn ní Èkó tí ó lè mú kí ènìyàn dúró bẹ́ẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ju ọ̀rọ̀ ìgbádùn ọlọ́rọ̀ lọ nìyí. Àwọn tó mọ bí wọ́n ti ń fi etí lásán tún kábúrétọ̀ tò ti ń darúgbó. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ òde òní ń kọ́ bí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà wo àrùn ọkọ̀. N kò bá wọn wí, ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Ṣùgbọ́n bí bàbá Mushin bá lọ, ta ni yóò jí ìjàpá yẹn lẹ́nu géètì? Ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe mọ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni yóò gbé e, wọn yóò sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Ọjọ́ ìpàtẹ ni ọjọ́ kan nínú ọdún tí àwọn èwe rẹpẹtẹ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá síwájú àwọn ọkọ̀ yìí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni a ń lé olùkọ́ wọn lọ sílé.

Ẹ kọ káàdì yín ní èdè Yorùbá pẹ̀lú èdè yòówù tí ẹ bá tún fẹ́, kí ẹ sì kọ ibi tí wọ́n ti to ọkọ̀ náà sí i. Ẹ kọ orúkọ mẹkáníìkì sábẹ́ orúkọ olówó. Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ẹ gbé àga fún àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ òòjọ́ fún wọn bí ẹ ti ń san án fún ẹni tó ń lu ìlù fún àwọn àlejò pàtàkì. Owó fìlà ẹgbẹ́ yóò tó o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ náà tún ti pe bàbá Mushin pé kí wọ́n wá wo ìjàpá kí ọjọ́ tó pé. Bàbá pè mí lẹ́yìn náà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá, lọ́tẹ̀ yìí, àwọn lè dúró wòran.